Ta Ló Rántí Pé A Ti Kú Rí?

Nínú King's Quest V, géèmù tí Roberta Williams àti ilé-iṣẹ́ Sierra gbé jáde lọ́dún 1990, ológbò kan ń lé eku kan níwájú ilé oníbúrẹ́dì. Ọba Graham, ẹni tí à ń darí, dúró ń wò wọ́n. Ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ péré ló ní. Bó bá ju bàtà ògbólógbòó kan tó ti ṣà ní aṣálẹ̀ lu ológbò yẹn, eku ráyè sá lọ. Bí kò bá jù ú, ológbò pa eku jẹ, kò sì sẹ́ni tó sọ nǹkan kan. Orin ń dún lọ, ojú ọjọ́ mọ́ kedere, ọba ń bá ìrìn rẹ̀ lọ bí ẹni pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Ó di ẹ̀yìn-ọ̀-rẹyìn, nígbà tí wọ́n dè é mọ́lẹ̀ nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ ilé-èrò kan, kó tó hàn pé eku ọjọ́sí ni ì bá wá fi eyín gé okùn náà. Eku ti kú. Ọ̀nà mìíràn ò sí. Géèmù parí síbẹ̀ nìyẹn.

Kí lèèyàn máa ṣe? Á ṣí àwọn séèfù rẹ̀, ìyẹn àwọn ibi tó ti tọ́jú eré rẹ̀ pamọ́ kó lè padà síbẹ̀, á wá èyí tó ti ṣe kó tó dé ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì, á padà síbẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, Graham á ju bàtà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ọba yìí léèrè: ológbò yẹn ò ṣẹ̀ ọ́, o ò mọ eku náà rí, kí ló dé tó o fi ń ju bàtà láàárín ìgboro? Kò ní èsì. Graham àkọ́kọ́, èyí tó kú sínú yàrá abẹ́ ilẹ̀, ló yẹ kó mọ ìdí, ìyẹn sì ti pòórá. Èmi tí mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà ni mo mọ̀ ọ́n. Graham ló kú, èmi ni mo gbọ́n.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ìyẹn lọ. Irú géèmù tí mò ń pè ní onítàn ni èyí tí èèyàn ń rìn kiri nínú ìtàn, tó ń ṣa nǹkan sápò, tó ń bá àwọn ará ibẹ̀ sọ̀rọ̀, tó sì ń tú àdììtú kí ilẹ̀kùn tó kàn lè ṣí. Nínú irú géèmù bẹ́ẹ̀, a sábà máa ń ka séèfù sí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ lásán, ohun tí kò kan ìtàn. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ojú séèfù ni ìmọ̀ ti ń jò. Ohun tí ẹ̀dá ìtàn kan fi ẹ̀mí rẹ̀ rà, ẹlòmíràn tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ló ń ná an. Bí ẹni tó ṣe géèmù bá mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló rí, á ti fi sọ́kàn nígbà tó ń to àdììtú rẹ̀. Bí kò bá mọ̀, ihò á wà nínú ìtàn náà tí kò ní rí dí.

Ẹ má sì rò pé láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni wọ́n ti ń fi séèfù bọ́ lọ́wọ́ ikú. Bàbá gbogbo irú géèmù yìí ni Adventure, tí Will Crowther kọ ní nǹkan bí ọdún 1976. Crowther fúnra rẹ̀ a máa wọ inú ihò àpáta kiri. Ihò ńlá Mammoth Cave ní Kentucky, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ló fi ọ̀rọ̀ yà sínú géèmù náà, láìsí àwòrán kan ṣoṣo. Don Woods rí i ní Yunifásítì Stanford, ó sì fẹ̀ ẹ́ lójú lọ́dún 1977. Kọ̀ǹpútà ayé ìgbà náà, ńṣe ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pín ẹyọ kan lò, iṣẹ́ ni wọ́n sì rà á fún. Nítorí náà, ẹ̀dà ti Woods ní àṣẹ kan tó ń dá eré dúró kéèyàn lè wá bá a lọ tó bá yá. Kì í ṣe kó o dá a dúró báyìí kó o sì tún ṣí i báyìí o. Géèmù á ní kó o ṣì máa lọ ná, ó di ìṣẹ́jú mélòó kan sí i. Jíjí òkú dìde ní ètò tirẹ̀ lọ́tọ̀: bó o bá kú, géèmù á bi ọ́ bóyá kí òun gbìyànjú àtijí ọ, èéfín aláwọ̀ ọsàn á sọ, wàá sì dìde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé máàkì rẹ á dín kù. Ìtàn ló ń jí ọ. Séèfù wà fún kó o lè padà sẹ́nu iṣẹ́.

Nígbà tí Zork, tí àwọn ọ̀dọ́ kan kọ́kọ́ kọ ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, fi wá sórí àtẹ lọ́dún 1980 lábẹ́ ilé-iṣẹ́ Infocom, kọ̀ǹpútà ti ń wọ ilé. Tẹ SAVE, tẹ RESTORE, kò sẹ́ni tó ní kó o sinmi mọ́. Nínú Zork, ẹran kan tí wọ́n ń pè ní grue ń jẹ èèyàn nínú òkùnkùn, àtùpà tó o gbé dání sì níye ìgbà tí bátìrì rẹ̀ lè gbé. Ẹni tó bá ń fi ìmọ́lẹ̀ rìn gbéregbère níbẹ̀rẹ̀, àárín òkùnkùn ló ti máa kàbámọ̀. Kí làwọn èèyàn wá ń ṣe? Wọ́n á séèfù, wọ́n á fi bátìrì ṣòfò bó ṣe wù wọ́n, wọ́n á máa ya ọ̀nà sórí bébà, wọ́n á kú, wọ́n á padà. Bébà tó wà lórí tábìlì yẹn, òkú ló yà á. Alààyè kan á wá dìde pẹ̀lú bátìrì tuntun, á gba ọ̀nà tààrà bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀.

Douglas Adams àti Steve Meretzky fi irú nǹkan yìí ṣẹ̀fẹ̀ lọ́dún 1984 nínú The Hitchhiker's Guide to the Galaxy ti Infocom. Ajá kan wà níbẹ̀rẹ̀ tó yẹ kó o fún ní sáńwíìṣì. Bó ò bá fún un, lẹ́yìn wákàtí gbọọrọ, nígbà tó o ti wà nínú ọkọ̀ òfuurufú tíntìntín kan, ajá yẹn ló máa gbé ọ mì. Ìkà gbáà ni, ṣùgbọ́n Adams ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń fẹ́ kí ìwọ náà rẹ́rìn-ín. Mo dárí jì í.

Sierra ní tirẹ̀ sọ ikú di oúnjẹ òòjọ́. Láti King's Quest àkọ́kọ́ lọ́dún 1984, bó o bá kàn sún mọ́ odò tó yí ààfin ká jù, ó ti tán. Ìmọ̀ràn tí gbogbo ẹni tó ń gbá géèmù wọn ń fún ara wọn ni pé: tètè séèfù, má sì dáwọ́ séèfù dúró. Èrò tèmi ni pé ọ̀rọ̀ owó wà nínú ẹ̀: géèmù tó wọ́n, tí kò sì gùn, ikú ló ń fà á gùn. Síbẹ̀ mi ò ní bú wọn jù. Ikú ojú-ẹsẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. O jábọ́, wọ́n fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, o rẹ́rìn-ín, o padà. Èyí tí ń bí mi nínú ni ikú tó ti ṣẹlẹ̀ tí o ò mọ̀, tó ń bá ọ rìn káàkiri fún wákàtí mélòó kan kó tó yọjú. Nínú King's Quest V kan náà, ebi pa Graham lórí òkè oníyìnyín. Páì wà lápò rẹ̀, itan ọ̀dọ́ àgùntàn náà wà níbẹ̀. Jẹ páì, ebi lọ, ọ̀rọ̀ parí. Àfìgbà tó o bá dé iwájú iwin òkè kan tó jẹ́ pé páì yẹn lásán, tó o bá jù ú mọ́ ọn lójú, ló máa bì í ṣubú. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni ebi ń pa tó máa tọ́jú páì pamọ́ nítorí pé ó ṣeé ṣe kí òun bá iwin pàdé lọ́la?

Ọ̀tọ̀ ni ibi tí èmi ti kọ́kọ́ mọ iyì séèfù, kò tiẹ̀ kan àdììtú. Ní Suleja tí mo dàgbà sí, ṣọ́ọ̀bù géèmù kan wà nítòsí Kwamba. Ọmọ Ọ̀fà ni bọ̀dá tó ni ín. Àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù ló pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀gbọ́n kan máa ń sanwó wákàtí nítorí Resident Evil, géèmù Capcom, ilé-iṣẹ́ Jàpáàn, ti ọdún 1996 tó jẹ́ ìbátan géèmù onítàn: kọ́kọ́rọ́ tó farasin, ilẹ̀kùn tó ń béèrè nǹkan, òkú tó ń rìn. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ ni wọ́n fi ń séèfù nínú ẹ̀, séèfù kan sì ń jẹ ríbọ́ọ̀nù kan. Ríbọ́ọ̀nù ò pọ̀. Àwọn tó ṣe é mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Séèfù fúnra rẹ̀ di ohun ìní tí èèyàn ń ṣọ́ ná, o ò ní fẹ́ lò ó tí kò bá tíì tó àsìkò, ìyẹn á sì máa dá kún ẹ̀rù tó ń bà ọ́.

Ìyẹn dáa ní Jàpáàn. Ní Suleja, òkú tó ń rìn nìkan kọ́ ló ń lé wa, iná náà wà níbẹ̀. Bí gílóòbù bá ti ń ṣẹ́jú, gbogbo ṣọ́ọ̀bù á pariwo lẹ́ẹ̀kan náà: "Ka yi save? Kai, ka yi save?" Ṣé o ti séèfù ni wọ́n ń béèrè lédè Hausa. Ẹ̀gbọ́n tó ń ṣọ́ ríbọ́ọ̀nù ná á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré nínú ilé ńlá yẹn, á máa wá yàrá tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà, páàdì á máa gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Òkùnkùn. Kí bọ̀dá tó rí jẹnẹrétọ̀ fà, wákàtí tí onítọ̀hún sanwó fún ti wọlẹ̀. Bó bá sì rí i séèfù pàápàá, kò tíì bọ́: mẹ́mọ́rì káàdì PlayStation ò ju àyè 15 lọ, ti ṣọ́ọ̀bù ni, gbogbo àdúgbò ló ń lò ó. Ẹnì kan lè fi líìgì bọ́ọ̀lù tiẹ̀ tẹ ìtàn ẹlòmíràn rẹ́, kó sì máa jẹ gúgúrú rẹ̀ lọ.

Àtìgbà yẹn ni mo ti mọ̀ pé séèfù méjì ló wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bọ́tìnì kan náà la ń tẹ̀ fún wọn. Èkíní ni èyí tá a fi ń dúró: iná fẹ́ lọ, ìyá ń pè, àkókò ìrun ti tó, a ó máa bá a lọ tó bá di ọ̀la. Èkejì ni èyí tá a fi ń padà: ohun tó ṣẹlẹ̀ kò tẹ́ wa lọ́rùn, a fẹ́ kó di pé kò ṣẹlẹ̀ rí. Géèmù Rogue ti ọdún 1980 yà wọ́n sọ́tọ̀ gedegbe. Bó o bá ti ṣí séèfù rẹ, ó pa fáìlì náà rẹ́, o ò lè lò ó lẹ́ẹ̀mejì. Dúró bó o ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n bó o bá kú, o kú nìyẹn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí kì í yà wọ́n sọ́tọ̀. Wọ́n á ní akíkanjú kì í padà sẹ́yìn, wọ́n á ní kí wọ́n mú séèfù kúrò kí ìpinnu lè ní ìwúwo. Ẹni tí iná kì í lọ lójú ẹ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Gba séèfù ìpadà lọ́wọ́ mi tó bá wù ọ́. Bó o bá gba ti ìdúró, èmi tí mò ń gbé Kubwa ò ní rí géèmù rẹ parí láéláé.

Ron Gilbert gba ọ̀nà mìíràn. Lọ́dún 1989, ó kọ àpilẹ̀kọ kan tó fi bẹnu àtẹ́ lu géèmù onítàn, ó ní ẹni tó bá fara balẹ̀, tó sì lákìíyèsí, ó yẹ kó lè gbá géèmù kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láì kú, láì tiẹ̀ séèfù. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lucasfilm Games gbé The Secret of Monkey Island jáde. Ibì kan wà níbẹ̀ tí ilẹ̀ ti ya lábẹ́ ẹsẹ̀ Guybrush, ẹni tí à ń darí, létí òkè gíga. Ó jábọ́. Pátákó kan yọ lójú kọ̀ǹpútà bíi ti Sierra gẹ́lẹ́, ó ní o ti kú, ṣé kí o ṣí séèfù ni tàbí kí o bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Kó o tó mọ ohun tó o máa tẹ̀, Guybrush ti fò padà sókè, ó dúró síbi tó wà tẹ́lẹ̀, ó ní orí igi rọ́bà lòun bọ́ sí.

Ẹ̀fẹ̀ yẹn dùn, ṣùgbọ́n ibi tí géèmù náà ti mú mi lọ́kàn ni ìjà idà rẹ̀. Èébú ni wọ́n fi ń ja ìjà náà. Ẹni tó ń bá ọ jà á ju ọ̀rọ̀ gún ọ, bó o bá ní èsì tó bá a mu, o borí. Bó ò bá ní, ó lé ọ sẹ́yìn títí wàá fi pàdánù. Báwo lo ṣe máa mọ èsì? Pàdánù. Ẹni tó nà ọ́ ti kọ́ ọ ní èébú tuntun. Wàá bọ́ sọ́nà, wàá lọ sọ èébú yẹn sí jàgùdà òkun mìíràn, ìyẹn á dá ọ lóhùn, ìwọ náà á gbọ́ èsì rẹ̀, wàá fi sápò. Ẹni tí wọ́n bí sí àárín ọmọ Ìbàdàn mọ irú ilé-ẹ̀kọ́ tí mò ń sọ. Ohun tó ṣe pàtàkì níbẹ̀ ni pé Guybrush tó pàdánù ni Guybrush tó gbọ́n. Ó kùnà lójú ìtàn, ó ń rántí, ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni èsì ti ń jáde lẹ́yìn náà. Mi ò nílò séèfù kankan láti bá a kó ọgbọ́n kọjá láti ayé kan sí òmíràn.

Owó tí Gilbert san fún un ni pé ẹ̀rù tán. Níbi tí kò ti séwu, èèyàn lè máa fi gbogbo nǹkan tó wà lápò gbá gbogbo nǹkan tó wà lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, títí ilẹ̀kùn á fi ṣí láì ronú. Àdììtú tí kò lè pa ọ́ lè sú ọ. Bó o bá sì fẹ́ sọ ìtàn tí ẹ̀mí èèyàn wà létí bèbè, orí igi rọ́bà kọ́ lo máa gbé e kà.

Ní àwọn ọdún 1990, Graham Nelson, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣe Inform, èdè tí ọ̀pọ̀ fi ń kọ géèmù ọ̀rọ̀, to ẹ̀tọ́ ẹni tó ń gbá géèmù sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni pé èèyàn gbọ́dọ̀ lè borí láì lo ìrírí ayé àtijọ́ rẹ̀. Mo fẹ́ràn gbólóhùn yẹn ju gbogbo ìyókù lọ. Andrew Plotkin, tóun náà ń kọ géèmù ọ̀rọ̀, wá pín géèmù sí ìpele márùn-ún lọ́dún 1996, láti orí aláàánú dé orí ìkà. Ohun tó fi ń wọ̀n wọ́n kì í ṣe iye ìgbà tó o kú, bí kò ṣe ìgbà tó o mọ̀ pé o ti bà á jẹ́. Nínú géèmù aláàánú, o ò lè bà á jẹ́ rárá. Nínú géèmù ìkà, o ti bà á jẹ́ tipẹ́, kò sì sẹ́ni tó sọ fún ọ.

Plotkin yìí kan náà ló gbé Spider and Web jáde lọ́dún 1998. Ọ̀rọ̀ lásán ni, kò ní àwòrán. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ìgbafẹ́. Ìwọ arìnrìn-àjò afẹ́ wà nínú ọ̀nà tóóró kan tí kò já síbì kankan, ní ìlú tí kì í ṣe tìẹ, ilẹ̀kùn irin kan wà níwájú rẹ. O wò ó. O tì í. Kò ṣí, o ò sì ní kọ́kọ́rọ́. O ní ó dáa, kí n máa lọ bá àwọn tá a jọ wá. Bó o ṣe ń yí padà báyìí, gbogbo rẹ̀ fọ́. Ìmọ́lẹ̀ gbá ọ lójú. Orí àga lo wà, wọ́n ti dè ọ́, ọkùnrin kan dúró níwájú rẹ, ó ní irọ́ lò ń pa. Inú ilé yẹn ni wọ́n ti mú ọ, arìnrìn-àjò afẹ́ wo ló ń ṣèèṣì débẹ̀? Ó ní kó o tún un sọ. Ọ̀nà tóóró náà tún padà.

Gbogbo ohun tó ò ń gbá nínú géèmù yìí, ẹjọ́ tí amí kan ń rò fún ẹni tó mú un ni. Bó o bá kú, ọkùnrin yẹn á dá sí i: o ò kú, ìwọ rèé níwájú mi, sọ òótọ́. Bó o bá gba ọ̀nà tí kò bá ẹ̀rí ọwọ́ rẹ̀ mu, á dá ọ padà. Òun ló di séèfù mú. Kò sí ìmọ̀ kankan tó ń jò, torí pé àtúnsọ tí à ń ṣe ni ìtàn náà gan-an, amí yẹn sì ń rántí gbogbo rẹ̀. Plotkin tún wá dorí ọ̀rọ̀ kodò: níbí, ẹ̀dá ìtàn ló mọ ohun tí èmi tí mò ń darí rẹ̀ ò mọ̀. Àdììtú kan wà láàárín rẹ̀ tí mi ò ní sọ, tó jẹ́ pé kò sí bó o ṣe máa tú u àfi tó o bá ti fura ohun tí amí yẹn ti ń fi pamọ́ fún ìwọ àti ọkùnrin náà láti òwúrọ̀.

Prince of Persia: The Sands of Time ṣe irú rẹ̀ ní wẹ́rẹ́ lọ́dún 2003. Ọmọba ló ń sọ ìtàn ara rẹ̀. Bó o bá jẹ́ kó jábọ́ kú, ohùn rẹ̀ á ní rárá, bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ṣẹlẹ̀. Ìyá àgbà mi a máa ṣe bẹ́ẹ̀ tó bá ń pàlọ́: á ti jẹ́ kí ẹkùn pa ìjàpá jẹ, á wá rántí pé orin ṣì kù, á ní ẹ má dá òun lóhùn, kò pa á. Jordan Mechner, tó kọ ìtàn géèmù ọmọba yẹn, ti gbìyànjú ohun tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún 1997 pẹ̀lú The Last Express. Oṣù keje ọdún 1914 ni, nínú ọkọ̀ ojú irin Orient Express. Àwọn èrò ọkọ̀ ní àsìkò tiwọn, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wọn yálà o wà níbẹ̀ o tàbí o ò sí. Dípò séèfù, aago ni wọ́n fún ọ láti yí padà. Bí Robert Cath, ẹni tí à ń darí, bá kú, aago á yí ara rẹ̀ padà dé ibi tí àtúnṣe ṣì wà. Ìpadà tó wọ́pọ̀ jù nínú ẹ̀ kì í tiẹ̀ ṣe nítorí ikú. Ó jẹ́ nítorí pé àwọn méjì ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá tí o ò sí. Iṣẹ́ olófòófó pọ́nńbélé. Kò tà, ó sì dùn mí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó wà ní JSS 2, wá lo ọlidé lọ́dọ̀ mi. Mo fi Undertale, géèmù Toby Fox ti ọdún 2015, sílẹ̀ fún un lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká mi, ìnfátà ń gbé wa. Níbẹ̀rẹ̀ géèmù náà, ìyá kan bí ewúrẹ́ tó ń jẹ́ Toriel gba ọmọ yẹn sílé, ó ṣe páì fún un, lẹ́yìn náà ló dínà mọ́ ọn pé kò ní jáde kó má lọ kú. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rò pé tóun bá lù ú díẹ̀, á rẹ̀ ẹ́, á yàgò. Ó kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọmọ náà fọwọ́ bo ẹnu. Lójú ẹsẹ̀ ló ti ti géèmù pa, ó tún un ṣí. Lọ́tẹ̀ yìí, kò lù ú rárá, ó ń tẹ ibi tí wọ́n ti ń dáni sí ṣáá títí ìyá náà fi rẹ̀ sílẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó jáde. Òdòdó kan tó lójú bí èèyàn dìde lójú ọ̀nà, ó ní òun mọ ohun tó ṣe: ó ti pa á, àánú wá ṣe é, ló bá padà sẹ́yìn.

Ó gbọ́wọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà bí ẹni tí iná jó.

"Àǹtí! Ta ló sọ fún un?"

"Èmi kọ́ o, ọkọ mi."

"Mi ò mà séèfù! Mo kàn tì í pa ni!"

A jọ wá inú fódà géèmù náà, a rí fáìlì kékeré kan tí òdòdó yẹn ń kọ ìrántí rẹ̀ sí, tí kò bá séèfù tiwa tan. Ó bi mí bóyá tá a bá pa á rẹ́, òdòdó ti gbàgbé nìyẹn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní ìwọ wá ńkọ́. Ó ní òun náà á gbàgbé tó bá yá, ó sì béèrè bóyá ẹran ṣì kù.

Ohun tí Fox ṣe yìí ni mo rò pé ó jinlẹ̀ jù nínú gbogbo wọn. Kò gba séèfù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọmọ yẹn padà, ó sì dá Toriel sí ní tòótọ́. Géèmù ò fìyà jẹ ẹ́, kò sì sí ilẹ̀kùn kankan tó tì. Ó kàn fi ẹlẹ́rìí kan síbẹ̀ ni. Òdòdó náà tiẹ̀ sọ tó bá yá pé agbára séèfù yẹn wà lọ́wọ́ òun náà rí, kó o tó dé. Bí mo bá fi ìyẹn wé àwọn géèmù òde òní tó ń séèfù fúnra wọn sójú kan ṣoṣo, kí èèyàn má bàa rí ìpinnu rẹ̀ yí padà, ìyẹn dà bí ọ̀lẹ sí mi. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n sì ń pe ìyẹn ní ìwúwo. Ó dára fún iná tó ń lọ o, mi ò jiyàn, ìdúró ti bọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ kì í ṣe ọ̀daràn. Bí ìtàn rẹ bá fọ́ nítorí pé mo yọjú wo ọ̀nà kejì, àfàìmọ̀ ni kò ti lẹ́gẹ́ tẹ́lẹ̀.

Spider and Web ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Ọ̀fẹ́ ni, fáìlì rẹ̀ kéré, ó ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù, kò sì ní jẹ dátà tàbí bátìrì yín tó nǹkan. Ẹ kàn má lọ wo ìdáhùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àgàgà ti àdììtú àárín yẹn. Bó bá le jù, ẹ fi sílẹ̀ dọ̀la, ẹ béèrè lọ́wọ́ mi nísàlẹ̀ níbí, màá fún yín ní ìtọ́sọ́nà díẹ̀ láì tú u fún yín.